Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi Yamaha 75 kò lè sáré dé òpin mọ́, 4200 RPM ló ń dúró sí: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọlọ́kọ̀_Ìpakodò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará orí omi. Ọkọ̀ fáíbà ẹsẹ̀ bàtà 23 ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò. Èrò 14 ló ń gbé, Ìpakodò sí Ẹ̀bùté Èrò ló ń ná. Yamaha 75 Enduro two-stroke ló wà nídìí rẹ̀, èyí tí a ń fọwọ́ tù tí a sì ń po ọ́ìlì mọ́ epo fún.

Tẹ́lẹ̀, tí mo bá fún un níná dé òpin, 5000 RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) ló máa ń lọ, fóònù á sì ka kìlómítà 45 ní wákàtí kan. Ní báyìí, tó bá jẹ́ èmi àti ọmọ ọkọ̀ nìkan la wà nínú rẹ̀, 4200 ló ń dúró sí, kìlómítà 39. Tí èrò bá kún, kò kọjá 3900, iwájú ọkọ̀ á sì dúró sókè fún ìgbà pípẹ́ kó tó wálẹ̀. Ó ń tètè tíná, kì í kú tí mo bá fi sílẹ̀ láìfún un níná, èéfín rẹ̀ kò yàtọ̀, omi ń tọ̀ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ dáadáa. Mo ti pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì ti fọ kàbúrétọ̀. Mẹkáníìkì kan ní ká tú ẹ́ńjìnì ká pààrọ̀ ríǹgì písítọ̀n. Owó ńlá nìyẹn, n kò sì fẹ́ ná an kó tó dá mi lójú pé ibẹ̀ ni àrùn wà.

Alágbẹ̀dẹ_Orí_Omi

Ríǹgì ni. Ẹ́ńjìnì tó bá ti pẹ́ lórí omi iyọ̀, agbára rẹ̀ á máa lọ. Ẹ tú u.

Mẹkáníìkì_Ẹ̀bùté

Ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u o. Two-stroke tí ríǹgì rẹ̀ ti lọ máa ń ṣòro tíná ní òwúrọ̀, á sì máa fẹ́ kú tí ẹ bá fi sílẹ̀ láìfún un níná. Ti yín kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Síbẹ̀, a kì í fi ẹnu lásán sọ bí ríǹgì ṣe rí, géèjì ló ń sọ ọ́.

Ẹ yá géèjì kọ̀ǹpíréṣọ̀n, èyí tó ń wọn bí sílíńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná díẹ̀ kí ẹ tó pa á. Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gbogbo wọn ni o, kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Ẹ fi wáyà so orí okùn pọ́lọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan mọ́ irin ẹ́ńjìnì, kí iná tí kò ríbi gbà má baà ba CDI, àpótí tó ń darí iná pọ́lọ́ọ̀gì, jẹ́. Ẹ yọ okùn ìpaná kúrò. Ẹ ṣí ọwọ́ iná dé òpin, torí tí kàbúrétọ̀ bá wà ní títì, afẹ́fẹ́ kò ní wọlé tó, géèjì á sì purọ́ fún yín. Kí ẹ wá fa okùn ìtanná ní ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ iye tó kà sílẹ̀. Kí iye náà ga kọ́ ni ohun tí ẹ kọ́kọ́ ń wá. Kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta súnmọ́ra ni. Tí ìyàtọ̀ wọn kò bá ju ìdá 10 nínú 100 lọ, ẹ fi ríǹgì sílẹ̀, ẹ wá ọ̀rọ̀ náà síbòmíràn.

Ìwé ẹ́ńjìnì yín sọ pé tí iná bá dé òpin, 4500 sí 5500 ló yẹ kó wà. Tí kò bá débẹ̀, ọ̀kan nínú méjì ni: ó lè jẹ́ pé agbára ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ló dín kù, ó sì lè jẹ́ pé ẹrù tó ń tì ló pọ̀ jù fún un. Epo, iná pọ́lọ́ọ̀gì àti kọ̀ǹpíréṣọ̀n wà lápá kìíní. Pùròpẹ́là, abẹ́ ọkọ̀, bí ẹ́ńjìnì ṣe ga sí àti omi tó fara pamọ́ sínú ọkọ̀ wà lápá kejì. Gbogbo ohun tí ẹ ti ṣe ni apá kìíní ni. Ẹ kò tíì fọwọ́ kan apá kejì rárá. Kí ni wọ́n tẹ̀ sára pùròpẹ́là yín? Ṣé òun náà ló wà níbẹ̀ nígbà tó ń lọ 5000?

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́

Rọ́bà àárín pùròpẹ́là ló ti já. Ẹ́ńjìnì ń yí, pùròpẹ́là kò bá a yí mọ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ó parí.

Mẹkáníìkì_Ẹ̀bùté

Rárá, àbúrò, òdìkejì nìyẹn. Tí rọ́bà àárín bá ti já, ẹ́ńjìnì á sáré ju bó ṣe yẹ lọ, ariwo rẹ̀ á lọ sókè, ọkọ̀ kò sì ní lọ. Tirẹ̀ kò lè sáré tó, kì í ṣe pé ó ń sáré jù. Ẹni tí rọ́bà àárín bá ń ṣiyèméjì fún, kó fi bírò tí kì í parẹ́ fa ìlà kan láti ara ihò àárín tó wọ ọ̀pá títí dé ara pùròpẹ́là fúnra rẹ̀. Kó lọ fún un níná dáadáa, kó padà wò ó. Tí ìlà náà bá ti já sí méjì tí wọn kò kọjú síra mọ́, rọ́bà ti ń yọ̀.

Atukọ̀_Ìgbókọ̀dá

Ẹ gbọ́ tèmi. Ọ̀nà tí àwa ń gbà níbí: ẹ yọ thermostat sọnù, kí omi lè ráyè kọjá. Ẹ po lítà kan ọ́ìlì sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25, torí iṣẹ́ èrò kì í ṣe iṣẹ́ eré. Ẹ sì fi wáyà tín-ín-rín gún jẹ́ẹ̀tì ńlá inú kàbúrétọ̀ kó gbòòrò díẹ̀. Epo á pọ̀, agbára á dé.

AdéSouthampton

Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, àwọn nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló ń sọ ẹ́ńjìnì tó dára di aláìsàn, ẹ jẹ́ kí n mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Thermostat: iṣẹ́ rẹ̀ ni kó má jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù jù. Ẹ́ńjìnì tó ń ṣiṣẹ́ ní tútù kì í jó epo tán, èérí dúdú á kó jọ sí orí písítọ̀n àti ẹnu ọ̀nà èéfín, ọ́ìlì á sì rin pọ́lọ́ọ̀gì. Tí thermostat bá di, ẹ ra tuntun. Kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ọ́ìlì: lítà kan nínú lítà 25 jẹ́ 25:1. Èyí wà fún ẹ́ńjìnì tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú mọ́ra. Ẹ́ńjìnì tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, 50:1 ni, ìyẹn ìdajì lítà sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò rò ni pé ihò kan náà ni epo àti ọ́ìlì jọ ń gbà nínú jẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ bá fi ọ́ìlì kún un, epo tó ń kọjá á dín kù, sílíńdà á máa rí afẹ́fẹ́ tó pọ̀ ju epo rẹ̀ lọ. Kí ọ́ìlì náà jẹ́ TC-W3, ti ẹ́ńjìnì orí omi. Ti ọ̀kadà kọ́.

Jẹ́ẹ̀tì: ihò inú rẹ̀ ní ìwọ̀n tí a tẹ̀ sára rẹ̀ ní nọ́ḿbà. Wáyà á ha á, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì ní dọ́gba mọ́. Òògùn ìfọkàbúrétọ̀ àti afẹ́fẹ́ kọ̀mpírẹ́sọ̀ ni a fi ń ṣí i. Ẹni tó bá ti fi wáyà gún un kó ra tuntun tó ní nọ́ḿbà kan náà.

Ó yá, ìbéèrè fún Ọlọ́kọ̀_Ìpakodò. Kí lẹ fi ń ka RPM? Tó bá jẹ́ èyí tí a ń dè mọ́ okùn pọ́lọ́ọ̀gì, ṣé ibi two-stroke lẹ yí i sí? Tó bá wà ní ibi four-stroke, ìlọ́po méjì ló máa kà.

Ọlọ́kọ̀_Ìpakodò

Èyí tí a ń dè mọ́ okùn ni, two-stroke ló wà. Mo ti dán géèjì kọ̀ǹpíréṣọ̀n wò: 118, 120, 116. Ọ̀rọ̀ ríǹgì kúrò nílẹ̀, ẹ ṣé o.

Mẹkáníìkì_Ẹ̀bùté

Ó dára gan-an. Owó yín ti dúró sápò.

AdéSouthampton

Ó kan epo nìyẹn. Àwọn kan á ní "mo ti fọ kàbúrétọ̀", wọ́n á sì rò pé ọ̀rọ̀ epo ti parí. Kàbúrétọ̀ ni òpin ọ̀nà, epo ti rìn jìnnà kó tó débẹ̀.

Àìtó epo kì í hàn tí ẹ́ńjìnì bá wà lẹ́bàá èbúté tó ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìgbà tó bá ń fa epo gan-an ni, torí náà orí omi tó ṣí ni kí ẹ ti dán an wò. Kí ẹlòmíràn di ọwọ́ ìtukọ̀ mú, kí okùn ìpaná wà lára rẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì wọ jákẹ́ẹ̀tì.

Ẹ fún un níná dé òpin, ẹ jẹ́ kó dúró sí iye tó máa ń dúró sí. Kí ẹ wá mú bọ́ọ̀lù rọ́bà tó wà lójú ọ̀nà epo, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ léraléra. Tí RPM bá lọ sókè, ẹ́ńjìnì ń pebi epo. Ẹ wo bọ́ọ̀lù náà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú: tó bá ń fún pọ̀ tó ń di pẹlẹbẹ, ohun tó dí ọ̀nà wà láàárín bọ́ọ̀lù àti táǹkì. Tí bọ́ọ̀lù bá le tó dúró dáadáa, tí títẹ̀ ẹ́ sì ń mú RPM gòkè, pọ́ǹpù epo ara ẹ́ńjìnì ni kí ẹ fura sí. Awọ rọ́bà inú rẹ̀ á ti le tàbí kó ti ya.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yá táǹkì kékeré tó mọ́, epo tuntun, rọ́bà tuntun àti bọ́ọ̀lù tuntun, kí ẹ so ó tààrà mọ́ ẹ́ńjìnì. Tí ara rẹ̀ bá yá, ẹ ti mọ̀ pé ọ̀nà epo ti tẹ́lẹ̀ ló lẹ́bi, ẹ́ńjìnì kò jẹ̀bi. Ohun mẹ́rin ló sábà máa ń fà á: ìdérí táǹkì tí wọn kò ṣí ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀, àsẹ́ kékeré inú táǹkì tí èérí bò, fítà tí omi kún, àti rọ́bà epo tí inú rẹ̀ ti bó. Èyí tó kẹ́yìn yìí burú jù nítorí pé òde rọ́bà á máa dán, inú rẹ̀ á sì ti ṣí bí awẹ́, á máa pa dé nígbà tí epo bá ń sáré kọjá.

Àjàṣẹ́_Lórí_Ọ̀sà

Mo kí gbogbo yín láti Pọ́tónóvò. Mo fẹ́ fi kún ti AdéSouthampton: epo inú kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Níbi tí epo ti ń ti kẹ́ẹ̀gì dé kẹ́ẹ̀gì kó tó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́kọ̀, omi àti kẹrosíìnì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ bu epo sínú ìgò tó mọ́ kedere, kó jẹ́ kẹ́ẹ̀gì tí ẹ kò tíì po ọ́ìlì mọ́, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Omi á wà nísàlẹ̀, ààlà rẹ̀ á hàn gbangba. Ti kẹrosíìnì kò hàn bẹ́ẹ̀. Ẹ rin ìwé funfun pẹ̀lú epo díẹ̀, ẹ gbé e sínú afẹ́fẹ́ jìnnà sí iná. Pẹtiróòlù gidi á gbẹ kíákíá láìfi nǹkan sílẹ̀, kẹrosíìnì á fi àbàwọ́n ọ̀rá sílẹ̀.

Ohun kejì: ẹ yọ ìdérí ẹ́ńjìnì nígbà tó bá kú, ẹ yí ọwọ́ iná dé òpin, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹnu kàbúrétọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó yẹ kí pẹlẹbẹ kékeré inú ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣí gbayawu. Okùn iná tó ti fà, tàbí ọ̀pá ìsopọ̀ tí ẹni tó fọ kàbúrétọ̀ kò dá padà sí ààyè rẹ̀, lè jẹ́ kí ọwọ́ yín dé òpin kí kàbúrétọ̀ má dé òpin. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ti yín, ẹ wò ó.

Atukọ̀_Ìgbókọ̀dá

Mo gba ti ọ́ìlì àti jẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ sílíńdà tó ti kú? Ẹ́ńjìnì oní-sílíńdà mẹ́ta tó ń fi méjì ṣiṣẹ́ náà á dúró sísàlẹ̀.

Mẹkáníìkì_Ẹ̀bùté

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni, ó yẹ kó wọ inú àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n tí sílíńdà kan bá kú pátápátá, gbígbọ̀n á pọ̀, RPM á sì jábọ́ ju báyìí lọ. Èyí tó lè fara jọ ti wọn ni sílíńdà tó ń jó dáadáa lẹ́bàá èbúté, tó wá ń sọ iná nù nígbà tí ẹrù bá dé. Tíímíǹgì láìtì, tọ́ọ̀ṣì tó ń tàn nígbàkígbà tí pọ́lọ́ọ̀gì bá sáná, ni ẹ ó fi mọ̀: ẹ dè é mọ́ okùn pọ́lọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, kí ẹ wo bóyá iná rẹ̀ ń tàn déédéé tàbí ó ń fò. Tó bá ń fò, ẹ pààrọ̀ kọ́ìlì rẹ̀ pẹ̀lú ti ẹnìkejì. Tí fífò náà bá tẹ̀ lé kọ́ìlì, kọ́ìlì ló kú.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti tíímíǹgì (àkókò tí pọ́lọ́ọ̀gì ń sáná) síwájú ju ti ìwé lọ nítorí pé RPM kò tó. Epo á bẹ̀rẹ̀ sí í bú kó tó àkókò, á sì lu orí písítọ̀n.

Ọlọ́kọ̀_Ìpakodò

Àbọ̀ rèé. Tíímíǹgì láìtì: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń tàn déédéé. Kàbúrétọ̀: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣí dé òpin. Epo inú ìgò kò ní omi. Bọ́ọ̀lù: nígbà tí ọmọ ọkọ̀ ń tẹ̀ ẹ́, ó lọ láti 4200 sí 4450, ó tún jábọ́ nígbà tó dẹ́kun. Bọ́ọ̀lù náà sì ń fún pọ̀. Táǹkì kékeré pẹ̀lú rọ́bà tuntun: 4450, ó dúró síbẹ̀. Mo la rọ́bà ti tẹ́lẹ̀, inú rẹ̀ ti bó gẹ́gẹ́ bí AdéSouthampton ṣe wí. Omi díẹ̀ wà nínú fítà, mo ti pààrọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n 4450 kò tíì tó, nígbà tó jẹ́ pé ènìyàn méjì péré ló wà nínú ọkọ̀.

Ti pùròpẹ́là: ohun tó wà lára rẹ̀ ni 13 1/4 x 17-K. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ gbá igi abẹ́ omi, ewé rẹ̀ kan ya, mo sì ra èyí. Ẹni tó tà á ní ọ̀kan náà ni. Mo wá èyí tó ya jáde, 13 1/2 x 15-K ló wà lára rẹ̀.

Mẹkáníìkì_Ẹ̀bùté

Ẹ ti rí i! Ọ̀kan náà kọ́ ni. Nọ́ḿbà kìíní ni ìwọ̀n fífẹ̀ pùròpẹ́là láti etí dé etí ní íǹṣì. Nọ́ḿbà kejì ni pitch: bí pùròpẹ́là ṣe yẹ kó lọ síwájú tó ní yíyí kan, tí omi kò bá yẹ̀ fún un. K dúró fún irú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì tó lè wọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni tó tà á fi rò pé wọ́n dọ́gba. Méjèèjì á wọ̀ ọ́ lóòótọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé kà á lórí ló yàtọ̀.

Íǹṣì kan tí pitch bá fi lé, nǹkan bí 150 sí 200 RPM ni ẹ́ńjìnì máa pàdánù. Ti yín fi íǹṣì méjì lé, ẹ ka 300 sí 400.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́

Ṣùgbọ́n pitch tó ga kì í ha ṣe eré púpọ̀? Àwọn tó ń lọ kíákíá, 19 ni wọ́n ń lò.

Mẹkáníìkì_Ẹ̀bùté

Lórí ọkọ̀ tó fúyẹ́, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì lè yí i dé 5000, bẹ́ẹ̀ ni. Lórí ọkọ̀ èrò, ẹ́ńjìnì kò ní lè yí i débi tí agbára rẹ̀ wà, ẹ ó sì pàdánù eré àti agbára pọ̀. Èyí tó sì burú ju àìsáré lọ ni ohun tó ń ṣe sínú ẹ́ńjìnì: ọwọ́ iná ti dé òpin, epo ń wọlé bí ó ti pọ̀ tó, písítọ̀n kò sì lè sáré. Ooru á kó jọ sí orí písítọ̀n, èérí dúdú á pọ̀, ríǹgì á lẹ̀ mọ́ ojú ihò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì tí wọ́n ní ọ́ìlì burúkú ló pa, pùròpẹ́là tó wúwo jù ló pa á. Ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ èrò ṣiṣẹ́ ní 3900 pẹ̀lú iná tó dé òpin fún ọ̀sẹ̀ kan sí i.

AdéSouthampton

Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí pùròpẹ́là, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò, torí mo rò pé nǹkan mìíràn ṣì wà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìwọ̀n gíà. Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ fi ẹ́ńjìnì sí gíà iwájú, ẹ fọwọ́ yí fúláíwíìlì, kí ẹnìkejì máa ka yíyí pùròpẹ́là. Ká ní fúláíwíìlì yí ní ìgbà méjì kí pùròpẹ́là tó yí lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ẹ́ńjìnì wà ní 4200, pùròpẹ́là ń yí ní ìgbà 2100 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 17, ìyẹn 35,700 íǹṣì. Íǹṣì kan jẹ́ mítà 0.0254, ó di nǹkan bí mítà 907 ní ìṣẹ́jú kan, tí í ṣe kìlómítà 54.4 ní wákàtí. Fóònù yín ka 39. Ohun tó sọnù sínú omi jẹ́ nǹkan bí ìdá 28 nínú 100.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, 5000 pẹ̀lú 15: kìlómítà 57, fóònù ka 45. Ohun tó sọnù jẹ́ ìdá 21. Ọkọ̀ kan náà, ènìyàn méjì kan náà. Kí ló fà á tó fi pọ̀ sí i? Pitch nìkan kò lè ṣe èyí. Abẹ́ ọkọ̀ tó ti dọ̀tí, ọkọ̀ tó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀, tàbí pùròpẹ́là tí ewé rẹ̀ ti tẹ̀. Ẹ ṣe ìdánwò náà ní àlọ àti ní àbọ̀, kí ẹ pín in sí méjì, kí ìṣàn omi má baà tàn yín.

Báàbá_Fáíbà

Ẹ ṣé ọmọ mi, ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń dúró dè yín. Gbogbo yín ń wo ẹ́ńjìnì, ẹ kò wo ọkọ̀.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ máa ń ti ẹnu òkun wọ ọ̀sà Èkó dáadáa, ìgbà náà sì ni àwọn ìkarahun kéékèèké funfun wọ̀nyẹn máa ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ tó sùn sórí omi lálaalẹ́, tí wọn kì í fà á gòkè, wọ́n á bò ó. Ẹ máa fọwọ́ pa á láti ìdí dé àárín. Tó bá ń họ yín lọ́wọ́, ó ti ń jẹ eré yín. Ẹ fà á gòkè, ẹ fi pátákó tàbí ike ha á. Ẹ má fi ọ̀bẹ tàbí irin ha á, torí awọ dídán òde fáíbà ni kì í jẹ́ kí omi wọ inú rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀dà tó ń lé ìkarahun kùn ún, ẹ má jẹ́ kí èyí tó ní kọ́pà kan ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì. Álúmínìọ́mù ni ẹsẹ̀ náà, kọ́pà á jẹ ẹ́.

Ní ìgbà òjò, hyacinth, ewéko tó ń léfòó lórí omi, ni ọ̀tá. Kì í fara pamọ́, ẹ ó rí i. Ṣùgbọ́n ègé kan lè wé mọ́ iwájú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì kẹ́ ẹ má mọ̀, á sì da omi rú kó tó dé pùròpẹ́là. Ẹ dá ẹ́ńjìnì dúró, ẹ gbé e sókè, ẹ yọ ọ́. Bákan náà ni náílọ́ọ̀nù pure water tó bo ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnì ń fa omi.

Ìwúwo: lítà 100 omi jẹ́ kílò 100. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi fóòmù sí abẹ́ pákó ìtẹ̀lẹ̀, fóòmù náà lè mu omi fún ọdún pípẹ́ láìfi hàn. Tí ọkọ̀ bá ṣófo, ẹ wo ibi tí omi dé lára rẹ̀. Ṣé ibi tí ó ń dé nígbà tó wà ní tuntun ni? Tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fà á gòkè, ẹ gbé iwájú rẹ̀ ga, ẹ yọ èdídí ihò tí omi inú ọkọ̀ ń gbà jáde, kí ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú. Tí omi bá ṣì ń kán ní òwúrọ̀, ẹ dá ihò kékeré kan sí pákó ìtẹ̀lẹ̀ láti òkè, kẹ́ ẹ wo bí fóòmù ṣe rí. Ẹ lẹ̀ ẹ́ padà lẹ́yìn náà.

Gíga ẹ́ńjìnì: pẹlẹbẹ irin tó wà lókè pùròpẹ́là yẹ kó dọ́gba pẹ̀lú ìsàlẹ̀ ọkọ̀, tàbí kó fi bí íǹṣì kan ga jù ú. Mo ti rí ẹ́ńjìnì ẹsẹ̀ gígùn íǹṣì 25 lórí pákó ẹ̀yìn tó jẹ́ íǹṣì 20. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú omi, omi ń ta sókè lẹ́yìn, RPM kò sì gòkè. Tó bá sì ga jù, afẹ́fẹ́ á wọ inú pùròpẹ́là nígbà tí ẹ bá ń yà, ẹ́ńjìnì á kàn máa kígbe. Ẹ tún wo ọ̀pá tó ń di ẹ́ńjìnì mú ní ìdí: tó bá wà ní ihò tó súnmọ́ ọkọ̀ jù, á ti iwájú ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ọkọ̀ á máa tulẹ̀ omi. Ẹ sún un sí ihò kan tó jìnnà sí ọkọ̀ sí i, kí ẹ dán an wò.

Ọlọ́kọ̀_Ìpakodò

Ẹ ṣé, Bàbá. Ìkarahun ti bo abẹ́ ọkọ̀ láti ìdí dé ìlàjì, a ti ha á. Kò sí omi nínú fóòmù. Gíga ẹ́ńjìnì dára. Ewé 17 kan ti tẹ̀ díẹ̀ ní etí, n kò sì rí i tẹ́lẹ̀. Mo ti rí 13 1/2 x 15-K rà.

Pẹ̀lú ènìyàn méjì: 4950, kìlómítà 46. Pẹ̀lú èrò kíkún: 4650. Iwájú ọkọ̀ tètè ń wálẹ̀.

AdéSouthampton

4950 pẹ̀lú 15 jẹ́ kìlómítà 56.6, ẹ rí 46, ohun tó sọnù kò tó ìdá 19. Abẹ́ ọkọ̀ ti mọ́ nìyẹn.

Mẹkáníìkì_Ẹ̀bùté

Ó ti wọ ààlà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n èmi kò ní fi síbẹ̀. Èrò kíkún ni iṣẹ́ ọkọ̀ yìí lójoojúmọ́, 4650 sì súnmọ́ ìsàlẹ̀ ààlà 4500 jù. Tí ìkarahun bá tún lẹ̀ díẹ̀, ẹ ti padà sísàlẹ̀. 13 5/8 x 13-K á mú un dé nǹkan bí 5000 pẹ̀lú èrò kíkún, àti bí 5300 tó bá ṣófo, kò tíì dé 5500.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́

Pẹ̀lú 13, eré á dín kù nígbà tó bá ṣófo, epo á sì pọ̀ sí i. Ọ̀nà Ìpakodò sí Ẹ̀bùté Èrò jìn. Ẹ fi 15 sílẹ̀, ẹ máa ha abẹ́ ọkọ̀ déédéé.

Mẹkáníìkì_Ẹ̀bùté

Tó bá ṣófo, eré á dín kù díẹ̀, mo gbà. Ti epo ni n kò gbà fún ọkọ̀ èrò: ẹ́ńjìnì tó ń jìjàkadì pẹ̀lú iná tó dé òpin ń mu ju èyí tó ń yí ní ìrọ̀rùn tí ẹ sì lè dín iná rẹ̀ kù lọ. Ẹ yá 13 lọ́wọ́ ẹni tó ní i, ẹ lò ó fún ọjọ́ kan, ẹ wọn epo tí ẹ dà sí i ní àárọ̀ àti èyí tó kù ní alẹ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún 15 ní ọjọ́ kejì, kí èrò fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Báàbá_Fáíbà

Mo wà lẹ́yìn 13 fún ọkọ̀ èrò. Kí 15 wà nínú ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí àfipamọ́, pẹ̀lú sípánà àti pín-ìnì rẹ̀.

Àjàṣẹ́_Lórí_Ọ̀sà

Èyíkéyìí tí ẹ bá fi sí i, ẹ kọ́kọ́ yọ okùn ìpaná kí ọwọ́ yín tó kan pùròpẹ́là. Nígbà tí ti àtijọ́ bá jáde, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí ọ̀pá ti wọ inú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì. Okùn àwọ̀n àwọn apẹja sábà máa ń wé síbẹ̀, á sì gé rọ́bà tó ń dá omi dúró. Ẹ tú ọ́ìlì gíà díẹ̀ sílẹ̀ láti ihò ìsàlẹ̀; tó bá funfun bíi wàrà, omi ti wọlé, ẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rọ́bà náà kí ẹ tó jáde. Ẹ fi gíríìsì orí omi pa eyín ọ̀pá. Wáṣà ńlá tó dà bí òrùka tó nípọn ló ń kọ́kọ́ wọlé, apá tó tẹ́ẹ́rẹ́ sí ọ̀dọ̀ ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì, kí pùròpẹ́là tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà wáṣà ìta àti nọ́ọ̀tì. Tí wáṣà ńlá bá ṣubú sómi láìmọ̀, pùròpẹ́là á máa ha ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì. Ẹ fún nọ́ọ̀tì, ẹ fi pín-ìnì tuntun sí i, kì í ṣe èyí tí ẹ ti tẹ̀ padà tẹ́lẹ̀.